Ihò tí Òkété Lù sí Ìdí Omi Òkè

Òótọ́ pọ́nńbélé ni ìtàn yìí. Mo fi irun orí mi búra! Ẹ má wo orí mi bẹ́ẹ̀. Àná ni mo fárí. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ pé èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá gbìrà, ó gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dì mọ́ Òkété nírù.

Ní ìlú àwọn ẹranko, òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Agbòjò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìlú wọn wà. Ojú kejì ni òjò máa ń gbà wá. Kó tó gun òkè tán, ó ti da gbogbo omi inú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́hùn-ún, afẹ́fẹ́ gbígbẹ nìkan ni yóò sọ̀ kalẹ̀ bá wọn. Lórí òkè, òtútù. Nísàlẹ̀, iyanrìn gbígbóná, ẹ̀gún, àti igi oṣè mélòó kan. Oṣù méje gbáko ni ọ̀gbẹlẹ̀ fi ń jà kí òjò tó ráyè gun òkè kọjá.

Ohun tó ń gbà wọ́n là ni kòtò kan nínú àpáta, níbi tí omi òjò máa ń dúró sí. Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: igbá kan fún ilé kan, ní ìdájí. Àparò ni olùṣọ́ omi. Bí wọ́n bá tò, á dá orin, wọn á gbè é:

Òjò ò tíì dé o,
*Ẹ rọra bù ú.*
Agbòjò ò tíì wé gèlè,
*Ẹ rọra bù ú.*
Igbá kan, ilé kan,
*Ẹ rọra bù ú.*

Gèlè ni wọ́n ń pe ìkùukùu tó máa ń bo orí òkè bí òjò bá fẹ́ rọ̀.

Abẹ́ kòtò yìí gan-an ni ilé Òkété wà. Ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ mẹ́fà. Lọ́jọ́ kan, Òkété gbé igbá sílẹ̀, ó ní, "Èmi tí mo mọ ilẹ̀ í gbẹ́, kí ni mo ń gun òkè fún? Orí mi níbí ni omi wà!"

Àwẹ̀ró ní, "Baálé mi, omi gbogbo ìlú ni o."

"Ihò tí mo fẹ́ lù ò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ta ni yóò mọ̀?"

Ó gbẹ́, gbẹ́, gbẹ́. Omi yọ: tó, tó, tó. Òkété lanu sí i. Ó rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn ún. Ó fi amọ̀ dí i, ó sùn.

Ìró kan ló jí i: ṣààààà! Omi ti wẹ amọ̀ lọ. Ojú abẹ́rẹ́ ti di ẹnu ìkòkò. Omi ń gba inú iyàrá kọjá, iyanrìn ìsàlẹ̀ ń mu ún bí ẹni tí kò mu omi rí. Àyà Òkété já. Ó rọ́ amọ̀ mìíràn sí i, ó sá lọ tò, kí wọ́n má baà fura.

Nídìí omi, Àparò ò lè dárin. "Lánàá, omi yìí mù mí dé ọrùn. Lónìí, orúnkún ni!"

Ìkookò kùn: "Olè wà láàárín wa."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wo ara wọn. Eruku ló bo ẹsẹ̀ gbogbo wọn. Ẹrẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ Òkété.

Àparò ní, "Òkété, kí ló ṣe ẹsẹ̀ rẹ?"

"Òógùn ni, ìyá wa. Òkè yìí ga."

"Ìwọ tí ilé rẹ wà lábẹ́ ibí?"

"Òógùn… òógùn àárọ̀ ni."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àparò ò rẹ́rìn-ín. Orí òkè ló ń wò: kò sí gèlè níbẹ̀.

Òkété sáré délé, kítí-kítí. Omi ti tún wẹ amọ̀ lọ. Ó ki ewé bọ̀ ọ́, ó ki aṣọ ìyàwó rẹ̀ bọ̀ ọ́. Omi ti gbogbo rẹ̀ jáde. Nígbẹ̀yìn, ó ki ìrù àti ìdí ara rẹ̀ bọ̀ ọ́. Pìn! Omi dúró.

Àwẹ̀ró ní, "Ìgbà wo lẹ máa dìde?"

"Bí mo bá dìde, omi tán."

"Títí dìgbà wo?"

Òkété dẹ etí sílẹ̀. Ó ń gbọ́ àwọn ọmọdé lókè tí wọ́n ń ha ìsàlẹ̀ igbá. Ó wo àwọn mẹ́fà tirẹ̀. Ojú tì í, ẹ̀rù bà á, àmọ́ ó fi orin bọ ẹnu:

Èmi ni mo lu ihò o,
*Ẹ rọra bù ú.*
Ìdí mi ni mo fi dí i,
*Ẹ rọra bù ú.*
Bí mo bá dìde, ìlú gbẹ,
*Ẹ rọra bù ú.*

Orin náà gba inú àpáta jáde. Gbogbo wọn ya lu ilé rẹ̀. Ìkookò yọ eyín: "Ẹ jẹ́ kí n pa á!"

Àparò ní, "Pa á, kí o wá fi ìdí tìrẹ rọ́pò."

Ìkookò fà sẹ́yìn.

Wọ́n fi í síbẹ̀. Wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún un, wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Baba Olóógùn, ẹ kú ìjókòó o!" Omi ń lọ sílẹ̀, oòrùn ń ràn. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, Agbòjò wé gèlè. Òjò rọ̀: wàà! Omi wà níbi gbogbo, wọ́n jẹ́ kí Òkété dìde, wọ́n fi òkúta tún ihò náà ṣe. Ibi tí omi ti rẹ ìrù rẹ̀ ti funfun.

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ yìí kọ́ wa pé omi gbogbo ìlú kì í ṣe omi iyàrá ẹnì kan. Bí a bá sì ti ṣẹ̀, ká tètè jẹ́wọ́ kí omi tó tán.

Àlọ́ mi ti sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ó ti jókòó. Bí mo bá purọ́, kí ẹnu mi má ró lẹ́ẹ̀mẹta. Pó! Pó! …

Ìkẹta kọ̀. Ó dáa. Ìrù funfun yẹn, òótọ́ ni. Ẹ lọ wo ìrù òkété. Òjò yẹn ni mo fi kún un, torí àwọn kéékèèké inú yín ti fẹ́ sunkún. Bí ìyá àgbà ṣe pa á fún mi, Òkété ṣì jókòó síbẹ̀. Orí òkè ni gbogbo wọn ń wò.