Òróró Tó Ń Ta Sánsán

Ọ̀bọ ń tún ojú ọmọ rẹ̀ ṣe, ó tì í lójú bọ́.

Ológbò Ìyá Sùnkànmí ń sín, ni ìyá bá gbé òróró olóòórùn tó fi ń lé ọ̀fìnkìn ọmọdé, ó fi kùn ún láti orí dé ìrù. Kò pẹ́, itọ́ ń dà lẹ́nu ológbò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá gbé e dìgbàdìgbà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

"Ó ti gbé májèlé mì, mà."

"Májèlé kẹ̀? Òróró ni mo fi kùn ún lára, n ò fún un mu!"

"Ìyá, òróró tó ń wo ọmọdé yẹn, májèlé ni fún ológbò. Kí ni ológbò fi ń wẹ̀?"

"Ahọ́n..." Ìyá káwọ́ lérí. "Yéè! Èmi náà ni!"

Ológbò mí kan, kò mí èkejì. Ọwọ́ ìyá ṣì ń ta sánsán.