Obìnrin Tó Jókòó Lé Ẹnu Kànga

Obìnrin kan wà tí oko rẹ̀ wà létí òkun, ní ilẹ̀ kan tí òjò ti máa ń ṣahun. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Àlùbọ́sà ni òun àti àwọn ará abúlé rẹ̀ ń gbìn, omi kànga ni wọ́n sì fi ń rin ín.

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ lábúlé náà pé omi dídùn tó wà nínú ilẹ̀ ló ń ti omi òkun sẹ́yìn. Bí wọ́n bá fa ti ilẹ̀ jù, òkun á yọ́ wọlé wá gba ààyè rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí àlùbọ́sà bẹ̀rẹ̀ sí í tà, oníkálukú ra ẹ̀rọ tí ń fa omi, wọ́n sì ń fà á láti àárọ̀ di alẹ́.

Àwẹ̀ró kọ̀. Okùn àti garawa ló ń lò, ìwọ̀n tí ebè rẹ̀ lè mu ló sì ń fà. Aládùúgbò rẹ̀, ọkùnrin tí ẹ̀rọ tirẹ̀ tóbi jù lọ, fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bí o kò bá fà á, èmi á fà á. Ta ni yóò wá yìn ọ́?"

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Àwọn kànga bẹ̀rẹ̀ sí í ní iyọ̀, ṣóńṣó ewé àlùbọ́sà ń jóná. Ti Àwẹ̀ró náà kò yọ sílẹ̀, nítorí ilẹ̀ kò ní ògiri nínú. Ó tọ́ omi rẹ̀ wò, ó tu ú dànù, ó sì sunkún. Aládùúgbò rẹ̀ dé bá a níbẹ̀.

"O rí i? Kí ni èrè gbogbo agídí rẹ? Èmi á gbẹ́ tèmi jìn sí i."

Ìgbà yẹn ló yé obìnrin náà pé kí ọwọ́ òun nìkan mọ́ kò tó. Ó nu ojú rẹ̀, ó gba oko ọkùnrin náà lọ, ó fa ọ̀pá ẹ̀rọ rẹ̀ jáde kúrò nínú omi, ó fi pákó bo ẹnu kànga, ó sì jókòó lé e. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bú u, kò mira. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ dé. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ lórí pákó náà.

"Ẹ kú ìrìn, Baba. Mo kúnlẹ̀ kí yín, ṣùgbọ́n n kò níí kúrò."

Ìyàwó aládùúgbò náà ló kọ́kọ́ wá jókòó tì í, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, abọ́ omi lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wí fún ọkọ rẹ̀ pé, "Omi yìí ni mo fi po ẹ̀kọ ọmọ wa láàárọ̀. Ó bì í. Baálé mi, ẹ̀yin náà, ẹ wá mu ún."

Ọkùnrin náà kò lè gba abọ́ náà. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn obìnrin ti jókòó lé kànga tó kù. Báyìí ni abúlé náà ṣe padà sí okùn àti garawa. Omi wọn kò tíì dùn tán títí di òní, ṣùgbọ́n òkun kò rí ọ̀nà wọlé sí i mọ́.

Ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀, o ní àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ nílé ìwòsàn ń kó oògùn àwọn aláìsàn tà, pé ìwọ kì í bá wọn kó o, pé ìyẹn tó. Kò tó. Lọ́la, ẹnu ọ̀nà ilé oògùn ni kí o lọ dúró sí. Bí ọ̀gá rẹ bá dé, kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Má yà fún un.