Iyán Olóyè Tutù, Ìkànnì Ti Kó Lọ

Ẹ gbọ́ ohun tó ya gbogbo wa lẹ́nu ní àgbàlá Olóyè Fáṣakin! Orúkọ Olóyè ni wọ́n fi ra àdírẹ́sì ìkànnì ayélujára tí Ìbídùn, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ti ń kó oríkì gbogbo ìdílé ìlú wa sí láti ọdún méje. Nígbà tí Ìbídùn kọ̀ láti kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá Olóyè ló tẹ ìlú dó, Olóyè fa àwo iyán mọ́ra, ó ní, "Tí mo bá jẹ iyán yìí tán, màá ti àdírẹ́sì mi pa. Kó ẹrù rẹ kí n tó fọwọ́." Ẹrù ọdún méje, àwo iyán kan! Ìbídùn kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi oríkì dágbére fún yín." Ló bá bẹ̀rẹ̀. Ta ní ń jẹun nígbà tí wọ́n bá ń kì í? Olóyè gbé òkèlè dání, orí rẹ̀ ń wú. Ìbídùn ki bàbá Olóyè, ó ki bàbá bàbá rẹ̀, ó ki ìyá tó bí wọn. Àṣé ọwọ́ òsì rẹ̀ ń bẹ lórí fóònù, ó ń kó ẹ̀dà ìkànnì náà, tó máa ń pamọ́ láràárọ̀, sí àdírẹ́sì tuntun tó ti rà. Nígbà tó fi dákẹ́, iyán ti le gbagidi. Olóyè jẹ ẹ́ tipátipá, ó ku òkèlè ìkẹyìn lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n ti àdírẹ́sì pa. Wọ́n tì í. Ìbídùn na fóònù sí i: oríkì gbogbo ìdílé pé, ẹyọ kan kò sọnù. Òkèlè bọ́ lọ́wọ́ Olóyè. "Ìgbà wo lo kó o?" "Ìgbà tí orí yín ń wú ni, bàbá."