Òṣùká Tó Ń Wá Orí Àwẹ̀ró

Òjélàdé ló ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Ìsàlẹ̀-Odò ní eré òṣùká, eré tí wọ́n ń bá Òkè-Ìsà ṣe lọ́dọọdún. Ìyàwó ẹni tó ń kọ́ wọn ni í jókòó sábẹ́ igi ọ̀dán. Bí Òkè-Ìsà bá ráyè gbé òṣùká aláṣọ pupa lé e lórí, òun ni yóò máa pọnmi fún wọn di ọdún tó ń bọ̀. Bí oòrùn bá wọ̀ tí wọn kò rí i gbé lé e, àwọn ni yóò pọnmi. Àwẹ̀ró, ìyàwó Òjélàdé, ti pọnmi fún ọdún méjì.

"Olówó orí mi," ni ó wí, "ọrùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú àyà tán. Ṣé bí ẹ ṣe fẹ́ mi sílé nìyí?"

Òjélàdé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó mọ ibi tí òun ti kùnà. Ó ti ri àwọn ọ̀dọ́ náà mọ́lẹ̀ sójú kan bí òpó ilé. Lọ́dún tó kọjá, Òkè-Ìsà ní kí àgbàlagbà kan ṣíwájú. Gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ kí i, ẹni tó gbé òṣùká sì fò wọ́n lẹ́yìn kọjá.

"Lọ́dún yìí, kò sẹ́ni tó ní ojúkò," ni Òjélàdé wí fún wọn. "Ẹ máa fẹ̀gbẹ́ rìn. Ibi tí òṣùká bá yà sí ni kí ẹ yà sí."

"Bí àgbà bá dé ńkọ́?" ni Ògúnṣọlá, ọ̀kan nínú wọn, bi í.

"Ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ni kó bá gbogbo wa kí i. Kó dọ̀bálẹ̀, àmọ́ kó gbójú sókè."

Lọ́jọ́ eré, Òkè-Ìsà fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ wo ìrìn wọn! Ẹ̀yin alákàn, ṣé omi yín ti gbẹ ni?"

Òṣùká yà sọ́tùn-ún, àwọn alákàn bá a yà. Ó yà sósì, wọ́n ti débẹ̀. Nígbà tí oòrùn kù díẹ̀ kó wọ̀, òṣùká dàwátì. Ni Baba Lágbokùn, àgbà Òkè-Ìsà, bá ń tọ̀pá bọ̀.

Ògúnṣọlá nìkan ló dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ìrìn, bàbá."

"O ṣeun, ọmọ mi. Jẹ́ kí n lọ kí ìyàwó wa."

Ògúnṣọlá gbójú sókè láti ilẹ̀, ó rí etí aṣọ pupa lábẹ́ agbádá. Ó figbe ta: "Òṣùká wà lára bàbá!"

Àwọn tó kù fẹ̀gbẹ́ rìn, wọ́n yí Àwẹ̀ró ká pinpin. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan bàbá. Ẹ̀rín ló pa á títí òṣùká fi bọ́ sílẹ̀. Oòrùn wọ̀. Àwẹ̀ró dìde, ó ń mi ọrùn bí ẹyẹlé.

"Ẹ̀yin alákàn," ni Baba Lágbokùn wí, "kí lẹ fi ṣọ́ orí obìnrin yìí mọ́ mi lọ́wọ́?"

Òjélàdé dọ̀bálẹ̀, ó gbójú sókè. "Ojú ni, bàbá."

Bí Òkè-Ìsà ti ń pọnmi lọ́dún náà ni wọ́n ń rò ó kiri, tí ó fi di òwe lẹ́nu àwọn àgbà pé: ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.