Òrìṣà Ará Gíríìkì Tó Tọ Ipa Ẹ̀jẹ̀ Nínú Igbó Àìsinmi

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má bínú pé mi ò jókòó. Láti ìgbà èwe mi ni ẹsẹ̀ mi kì í ti í gbé jẹ́ẹ́ sójú kan, bí mo bá sì fẹ́ sọ ìtàn yìí bó ṣe rí gan-an, àfi kí n máa rìn lọ rìn bọ̀ níwájú yín. Ẹ fa àga yín súnmọ́ mi, kí ẹni tí oorun ń kùn tètè máa lọ sílé rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéraga, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń gbé e kiri láyà. Ọdẹ́jìnmí ni orúkọ mi. Ọdẹ ni bàbá tó bí mi, ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá mi, ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ tó tèmi.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, oyún Àwẹ̀ró ìyàwó mi ti pé oṣù mẹ́jọ. A ti bí ọmọ méjì ṣáájú, àwọn méjèèjì kò dúró. Ó bẹ̀ mí títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́ pé kí n má lọ sígbó títí òun yóò fi sọ̀kalẹ̀ láyọ̀, mo sì ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kẹrin tí mo ti ń wo ògiri, tí ògiri náà sì ń wò mí, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, bí Àwẹ̀ró ṣe gbé ìkòkò lọ sódò báyìí, mo ki ọfà bọ inú apó, mo fi ọrun kọ́ èjìká, mo sì yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé jáde bí olè. Ìkánjú yẹn ló kó bá mi. Oró wà lẹ́nu gbogbo ọfà mi, a kì í sì í gbé ọfà olóró wọgbó láìmú ẹ̀rọ̀ rẹ̀ dání, ìyẹn oògùn tí a fi ń pa oró náà bó bá ṣèèṣì ba ènìyàn. Ara ògiri yàrá ni mo gbé tèmi kọ́ sí. Mo rántí rẹ̀ nígbà tí mo dé etí igbó, mo sì bi ara mi pé ta tilẹ̀ ni mo fẹ́ ṣèèṣì ta, mo bá tẹ̀ síwájú.

Igbó Àìsinmi ni wọ́n ń pe igbó tí mo wọ̀ yìí, kò sì sí ohun tí í dúró sójú kan nínú rẹ̀. Igi ìrókò tí o fẹ̀yìn tì láàárọ̀, kó tó di ìyálẹ̀ta, ó ti gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò ní gbòǹgbò, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Òkúta ń yí kiri, odò tó ṣàn lápá ọ̀tún lánàá á bọ́ sápá òsì lónìí láìdágbére fún ẹnikẹ́ni, èdè tí ẹ̀dá kan bá sì sọ níbẹ̀, yóò yé gbogbo etí. Mo pàdé iwin kan tí ojú rẹ̀ méjèèjì wà ní gìgísẹ̀, tó jẹ́ pé ibi tó ti kúrò nìkan ló ń rí. Mo bi í pé níbo ló ń sáré lọ. Ó ní, "Bí mo bá mọ̀, ṣé èmi náà á máa sáré ni?" ló bá forí sọ igi. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀rín pa mí, inú mi sì dùn nínú igbó náà ju inú ilé mi lọ, nítorí mo rò pé mo ti rí ẹgbẹ́ mi.

Lábẹ́ igi àràbà kan tó ń múra àtilọ ni mo ti rí ọkùnrin náà. Ó ga, ó pupa, irun orí rẹ̀ dà bí irun àgbàdo, ọrun fàdákà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n apó rẹ̀ ṣófo. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti bó, ó sì ń wo ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde níbẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

"Ìwọ ọdẹ," ó ní, kò tilẹ̀ kí mi, "kí ni wọ́n ń pe èyí tó ń ṣe mí lẹ́sẹ̀ yìí?"

"Ìrora ni," mo dá a lóhùn. "Níbo ni wọ́n ti bí ọ tí o kò mọ ìrora?"

Ó ní òun kì í ṣe ènìyàn. Ó ní òrìṣà ni òun ní ilẹ̀ Gíríìkì, pé Súúsì tó ń sán ààrá, ọba gbogbo òrìṣà ilẹ̀ náà, ni bàbá òun. Orúkọ tó pe ara rẹ̀ kò rọ̀ mí lẹ́nu, Tafàtafà ni mo sọ ọ́. Ó ní láti orí òkè ni òun ti máa ń tafà sínú ìlú, tí àrùn yóò sì wọlé. Bí wọ́n bá bẹ òun dáadáa, òun náà ni òun yóò tún wò wọ́n sàn.

"Obìnrin kan ló yangàn pé ọmọ òun pọ̀ ju ọmọ ìyá mi lọ," ó ní. "Mo ta gbogbo ọmọ rẹ̀ pa ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Bàbá mi wá bi mí pé kí ni ìyá wọn ṣe lẹ́yìn náà. Mo ní mi ò wo ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí i nínú. Ó sọ mí di ènìyàn, ó jù mí síbí, ó ní kí n máa wò títí òun yóò fi pè mí. Ọjọ́ kẹta rèé."

Ohùn tí ènìyàn fi ń sọ pé òun já ọsàn ló fi sọ ọ́. Ó yẹ kí n sá fún un. Ṣùgbọ́n ó ń yá mi lára láti rí bí òrìṣà ṣe ń tafà, mo bá yọ ọfà kan nínú apó mi, mo nà án sí i. Ẹ gbọ́ o, èmi tìkára mi ni mo nà án sí i.

Kò pẹ́ rárá tí iwin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan fi já sí wa láàárín, ìkòkò omi lórí rẹ̀, tó ń sáré tó ń kọrin. Wéréwéré ni orúkọ rẹ̀, bí a ṣe gbọ́ nígbẹ̀yìn. Ó kọ lu Tafàtafà, omi dà sí i lára, iwin náà sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹlẹ́sẹ̀ méjì! Ẹ wo bó ṣe dúró bí èèkàn!" Ó ti kọjá, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín, nígbà tí ọfà mi wọ̀ ọ́ níhà. Ìkòkò fọ́, ó ké, ó sì sá wọ inú igbó lọ.

Ẹnu ya Tafàtafà. "Kò kú," ó ní. "Ọfà mi kì í dá ọgbẹ́ sí ènìyàn lára. Pípa ló ń pa." Ó gbọn omi kúrò lára. "Jẹ́ ká máa lọ."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà níbí, ẹ jẹ́ kí n dánu dúró bá yín wí. Ohun ìjà tí ẹ bá fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ọwọ́ yín ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ má wí fún mi pé, "Kì í ṣe èmi, òun ni." Mo ti wí i rí, mo sì mọ bó ṣe ń korò lẹ́nu.

Mo sọ òfin àwa ọdẹ fún un: ẹni tó bá ta ohun abẹ̀mí tí kò kú lójú ẹsẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò tọ ipa ẹ̀jẹ̀ dé òpin, kò gbọdọ̀ jẹ́ kó lọ máa joró níbi tí ojú kò tó. Tafàtafà ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun kò fẹsẹ̀ ara òun rìn dé ibi tí ọfà òun balẹ̀ rí. Kí n má purọ́, mi ò bá a jiyàn púpọ̀. Àwẹ̀ró ti ń wá sí mi lọ́kàn, ilé ni mo fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a bá gbà, orí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ ni yóò dá wa padà sí. A lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dá wa padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Olójú-gìgísẹ̀ ìṣáájú tún sáré kọjá, ó kígbe pé, "Ẹni tó ta á àti ẹni tó ni ọfà! Igbó ò ní tú ẹnìkankan nínú yín sílẹ̀!"

A bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipa ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ kan gbáko àti ìdajì ọjọ́ kejì ni a fi tọ̀ ọ́, èmi ń kánjú níwájú, òrìṣà ń tiro lẹ́yìn. Nígbà tó yá, mo rí i pé òun ló ti bọ́ síwájú. Bí a bá dé ibi tí koríko ti tẹ́, á fọwọ́ kàn án, á ní, "Ibí ló ti ṣubú." Bí a bá dé ìdí igi tí àtẹ́lẹwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ wà lára rẹ̀, á ní, "Ibí ló ti dìde." A dé ibi tó ti bì, Tafàtafà sì dúró lórí rẹ̀ títí sùúrù fi tán nínú mi.

"Ọdẹ́jìnmí," ó ní, "ṣé bí gbogbo wọn ṣe ṣe náà nìyí?"

"Àwọn wo?"

"Àwọn ọmọ obìnrin yẹn."

Mo tọ́ka sí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tó kàn, mo ní ká máa lọ.

Létí odò ni a ti bá Wéréwéré. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀gbẹ́ kan ló fi dùbúlẹ̀, àfọ́kù ìkòkò ló sì fi ń gbọ́n omi, ó ń dà á sínú ewé. "Ìyá mi ò tíì mu omi láti àná," ó ní. "Odò yìí ló sá jìnnà." Tafàtafà gbé e lé itan. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ọgbẹ́ náà, ó ń pe àwọn orúkọ tí ó fi ń wo odindi ìlú sàn nígbà tó jẹ́ òrìṣà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti di ọwọ́ lásán. Ó kọjú sí mi.

"Ẹ̀rọ̀ oró yìí ńkọ́?"

"Ó wà nílé," mo ní. "Mò ń kánjú nígbà tí mo jáde."

Kò bú mi. Ì bá sàn fún mi ká ní ó fọ́ mi létí. Ó ń bi Wéréwéré pé, "Níbo ló ń dùn ọ́? Ṣé ibí ni? Ṣé kí n gbé orí rẹ sókè?" Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bi í títí iwin náà fi dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Tafàtafà gbé òkú rẹ̀ kọ́ èjìká, a sì wá ibi tí ìyá rẹ̀ wà lọ. Ohun kan ṣoṣo ni kì í ṣí nípò nínú Igbó Àìsinmi, ahéré kan ni, tí wọ́n fi okùn dè mọ́ àpáta kí ọmọ tó lọ pọnmi má baà ṣì í. Obìnrin arúgbó kan tó fọ́jú ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wa, ojú rẹ̀ tú ká.

"Wéréwéré, o mà pẹ́ o. Ṣé odò tún rìn jìnnà ni?"

Mo fẹnu sí Tafàtafà létí pé, "Sọ pé ọmọ rẹ̀ rìnrìn àjò. Fi òkú pamọ́ sẹ́yìn ahéré ká máa lọ, ìyàwó mi ti fẹ́ bímọ."

Òrìṣà ará Gíríìkì tẹ́ òkú náà síwájú arúgbó, ó sì kúnlẹ̀. "Ìyá, kì í ṣe Wéréwéré. Èmi ni mo ta á lọ́fà. Ó ti kú. Òun ni mo gbé wá yìí."

Ojú tì mí, mo bá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ọfà mi ni, ìyá," èmi náà ní. "Mo sì gbàgbé ẹ̀rọ̀ rẹ̀ sílé."

Arúgbó náà fọwọ́ wá ojú ọmọ rẹ̀ títí ó fi rí i. Igbe tó ké, gbogbo igi tó ń lọ lágbègbè náà ló dúró. Nígbà tó yá, ó béèrè pé, "Kí ló ṣe fún yín?"

"Ó fi mí rẹ́rìn-ín," Tafàtafà ní.

"Kò sẹ́ni tí kì í fi rẹ́rìn-ín," ìyá náà wí. "Èmi gan-an máa ń ní kó dákẹ́ kí n lè sùn." Òrìṣà dojú bolẹ̀, ó sì sunkún tí mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Arúgbó ní ogójì ọjọ́ ni wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ ní ilẹ̀ àwọn, pé ẹni méjì tó pa á ni yóò máa pọnmi fún òun títí ọjọ́ náà yóò fi pé. A sin Wéréwéré, a bẹ̀rẹ̀ sí í lé odò kiri. Èmi ń ka ọjọ́. Ní òròòwúrọ̀ ni mò ń ro bí Àwẹ̀ró ṣe ń rọbí láìsí mi, n óò sì sáré tí n óò fẹ́rẹ̀ẹ́ da omi nù. Ṣùgbọ́n Tafàtafà kì í kà á. Nínú ikọ́ arúgbó, ó ti mọ èyí tó jẹ́ ti òtútù àti èyí tó jẹ́ ti ẹkún. Á fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná títí yóò fi tutù kó tó fún un, á bá a yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀, á sì jókòó gbọ́ ìtàn Wéréwéré kan náà nígbà ogún láìsọ pé òun ti gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ kọkànlélógójì, ọ̀nà ilé là gbọọrọ níwájú mi. Bí mo ṣe gbé apó kọ́ báyìí ni ààrá sán ní ọ̀sán gangan, ohùn kan sì wí láti òkè pé, "Ọmọ mi, ó tó. Máa bọ̀ nílé." Ara Tafàtafà bẹ̀rẹ̀ sí í dán, ọgbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ jinná lójú mi. Igbá omi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fún arúgbó mu.

"Bàbá," ó ní, "ta ni yóò pọnmi fún un lọ́la?"

Ohùn náà tún sọ̀kalẹ̀ láti òkè. "Bí o kò bá wá lónìí, mi ò ní pè ọ́ mọ́. Wàá gbó, wàá sì kú."

"Mo ti gbọ́, bàbá mi." Kò gbé igbá kúrò lẹ́nu arúgbó. Dídán náà rọra kúrò lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" ni ìyá béèrè.

"Bàbá mi ni. Wọ́n ní kí n kí yín."

Mo sáré títí mo fi délé. Àwẹ̀ró jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọmọbìnrin kan ń mu ọmú láyà rẹ̀, ó sanra, ó ń mí. Kò dìde. Ó ní, "O ti dé." Ó ní Dúrójayé ni òun sọ ọmọ náà, nígbà tí kò sí ẹlòmíràn tí yóò sọ ọ́ lórúkọ. Ìtàn tí yóò ya gbogbo ìlú lẹ́nu ti wà létè mi, mo sì gbé e mì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní kó sọ bí ó ṣe rí fún mi. Ọjọ́ méjì ló fi rọbí. Ó sọ ibi tó ti dùn ún, ó sọ iye ìgbà tó pe orúkọ mi, ó sọ bí àwọn ọdẹ ṣe wá mi títí tí wọ́n fi ní ẹranko ti pa mí. Mi ò gbèjà ara mi.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Ẹni tí ẹ bá ṣe léṣe, ẹ má dúró lókèèrè kí ẹ máa ní ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ rìn dé ibẹ̀, kí ẹ fojú ara yín rí i. Nítorí nígbà tí Àwẹ̀ró sọ̀rọ̀ tán lọ́jọ́ yẹn, ó gbé Dúrójayé lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n gbá a mú dáadáa. Ó ní òun fẹ́ wọlé lọ sunkún díẹ̀, pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti ní mo kú, wọn kò jẹ́ kí òun sunkún, kí ọmú ọmọ má baà gbẹ.