Àwẹ̀ró Ọmọ Etí Ọ̀sà àti Odó Ìyá Àgbà

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Ẹ jẹ́ kó dún dáadáa. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi gbéra létí ọ̀sà, ó gun òkè, ó dá lórí Àwẹ̀ró, ọmọ tí kò jẹ iyán.

Ní ìlú kan tó wà láàárín àpáta, ìyá àgbà kan wà tó ń jẹ́ Ìbíyẹmí. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ní ìlú yìí, odó ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Kì! Kì! Kì! Wọ́n ń gún iyán láàárọ̀, wọ́n ń gún un lálẹ́. Wọ́n ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ. Ewùrà ńkọ́? Ewúrẹ́ ni wọ́n ń fún.

Fágbàmígbé, ọmọ Ìbíyẹmí, lọ ṣiṣẹ́ létí ọ̀sà, ó sì fẹ́ ìyàwó lọ́hùn-ún. Wọ́n bí Àwẹ̀ró. Nígbà tí Àwẹ̀ró pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ìyá rẹ̀ ṣàìsàn, ó sì kú. Fágbàmígbé gbé ọmọ náà wá sí òkè.

Ó ní, "Ìyá mi, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀. Mo fẹ́ padà lọ kó ẹrù mi. Bí oṣù yìí bá kú, màá dé."

Ìyá àgbà gbá ọmọ mọ́ra. Ó ní, "Ọkọ mi, olówó orí mi, káàbọ̀."

Ó gún iyán fún un. Kì! Kì! Kì! Iyán funfun, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹran òkété. Ẹ má gbé itọ́ mì o, ẹ̀yin ọmọ yìí! Àwẹ̀ró wò ó, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kí lo fẹ́ jẹ, ọkọ mi?"

"Oúnjẹ ilé wa ni, Màmá àgbà."

"Oúnjẹ ilé wa mà nìyí!"

Àwẹ̀ró mu omi, ó lọ sùn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ìyá àgbà fi gún iyán, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọmọ fi mu omi lásán. Ojú rẹ̀ jìn. Ọwọ́ rẹ̀ tín-ín-rín. Ẹ̀rù ba ìyá àgbà gidigidi. Bí baba rẹ̀ bá dé tí kò bá ọmọ, kí ló fẹ́ sọ?

Ní ọjọ́ kẹrin, Àwẹ̀ró lọ sẹ́yìnkùlé, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ìyá mi, ìkòkò ń hó,
*Kùtù-kùtù, ẹ má rò ó.*
Ẹja wà níbẹ̀, edé wà níbẹ̀,
*Kùtù-kùtù, ẹ má rò ó.*
Ta ni yóò bù fún mi lókè?
*Kùtù-kùtù, ẹ má rò ó.*

Ewúrẹ́ ilé gbọ́ orin náà. Ó lọ bá ìyá àgbà.

Ó ní, "Ìyá, ewùrà ni ọmọ yìí ń wá, èyí tí wọ́n ń fi ẹja àti edé sè. Ṣé ẹ rántí ọdún tí ìyá rẹ̀ wá kí yín? Ó se ewùrà, ó kúnlẹ̀, ó gbé e síwájú yín. Ẹ ò tọ́ ọ wò. Èmi lẹ dà á fún. Mo jẹ ẹ́, mo lá àwo, mo sì tún lá ilẹ̀."

Ojú ti ìyá àgbà. Òótọ́ ni ewúrẹ́ sọ.

Kíá, ó wá ewùrà. Ó bẹ ẹ́, ó sè é, ó sì kó o sínú odó. Háà! Ẹni tó ti ń gún iyán láti kékeré, kí ni ì bá tún ṣe? Pọ̀tọ̀! Pọ̀tọ̀! Pọ̀tọ̀! Ó ń fà, ó ń lẹ̀ mọ́ ọmọ odó, kókó kún inú rẹ̀. Ewúrẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àwẹ̀ró rí i, ó bú sẹ́kún, ó wó lulẹ̀, ó sì dijú.

Ìyá àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ọmọ lé itan.

Ó ní, "Ọkọ mi, mi ò mọ̀ ọ́n sè. Jọ̀ọ́, kọ́ mi."

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ọwọ́ àgbà ò wọ kèrègbè. Àwẹ̀ró la ojú.

"A kì í gún un, Màmá àgbà. Rírin lára pánù oníhò ni."

Ìyá àgbà fi ìṣó dá ihò sára pánù kan, ó sì rin ewùrà tútù mìíràn títí ó fi kúnná. Ó gbé ata kaná, ó da epo sí i, ó fi ẹja gbígbẹ àti edé sí i. Ó ń fi ọwọ́ ju ewùrà sí i díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ ṣe wí. Nígbà tó ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ò gbélẹ̀, ó fa orógùn yọ.

"Ẹ má rò ó! Ìyá mi kì í tètè rò ó!"

Wọ́n wá jókòó, wọ́n ń dúró dè é. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ orin, ìyá àgbà sì ń gbè é:

Ìyá mi, ìkòkò ń hó,
*Kùtù-kùtù, ẹ má rò ó.*
Màmá àgbà ló gbé e kaná,
*Kùtù-kùtù, ẹ má rò ó.*

Nígbà tó jinná, Àwẹ̀ró jẹ ẹ̀ẹ̀kan, ó jẹ ẹ̀ẹ̀kejì, ó lá ọwọ́ rẹ̀. Ìyá àgbà ń wò ó. Ni ọmọ náà bá ti àwo sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Tiyín rè é, Màmá àgbà."

Ìbíyẹmí bu díẹ̀ sẹ́nu. Ó gbé e mì. Ó tún bù. Omijé ń dà lójú rẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ó gbójú sókè, ó ń bá ìyá Àwẹ̀ró tó ti kú sọ̀rọ̀, ó ní, "Ìyàwó mi, ọwọ́ rẹ dùn. Dákun, má bínú sí mi."

Ibẹ̀ ni mo sọ ẹrù ààlọ́ mi kalẹ̀ sí o. Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí ìdílé kan bá ń jẹ, ibẹ̀ la ti ń mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ẹ má yọ ṣùtì sí àwo ẹlòmíràn. Ìyá ẹnì kan ló sè é.