Àwẹ̀ró àti Àpáàdì Orí Ààtàn

Àwọn tó wà lágbàlá lálẹ́ ọjọ́ náà nìyí: Màmá Àgbà lórí àpótí rẹ̀, Làńrewájú àti Bánkẹ́ lórí ẹní, Ìdòwú, tí oorun ti ń kùn, àti Ṣẹ̀gílọlá, tó jókòó sẹ́yìn gbogbo wọn, tí kò sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jẹun tán.

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó dà sórí ààtàn, ó bá Àwẹ̀ró níbẹ̀."

Ní ìgbà kan rí, ìlú àwọn amọ̀kòkò kan wà. Ìkòkò tó bá fọ́ nínú iná, ààtàn ló ń lọ. Wọ́n sì ní èèwọ̀ kan: ohun tó bá ti dé ààtàn kò gbọdọ̀ padà wọlé mọ́.

"Nítorí kí ni?" Bánkẹ́ béèrè.

"Ohun tí Àwẹ̀ró náà béèrè nìyẹn. Wọ́n ní bí àwọn ṣe bá a nìyẹn."

Ìyàwó tuntun ni Àwẹ̀ró. Bó bá lọ da ilẹ̀ nù, á bẹ̀rẹ̀, á mú àpáàdì méjì, á fi ọ̀kan kan èkejì. Kán-rín! Á tún gbé dúdú sẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa, á fi ṣùkù àgbàdo sí àárín, á dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa wò ó.

Adìẹ tí ń jẹ̀ níbẹ̀ dárin sí i:

"Àwẹ̀ró, kí lò ń wá?"
"Kán-rín!"
"Èmi ń wá kòkòrò jẹ."
"Kán-rín!"
"Ta ní í jẹ àpáàdì?"
"Kán-rín, kán-rín, kán-rín!"

Àwọn ọmọ gbè é. Ìdòwú pàápàá jí.

"Ojú mi ló ń jẹ ẹ́, Adìẹ," Àwẹ̀ró fèsì.

Ó kó àpáàdì kún agbọ̀n, ó gbé e wọlé, ó tò ó pẹrẹsẹ sílẹ̀ lágbàlá. Ó rẹwà! Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó fọ́ wẹ́wẹ́.

"Ìyàwó! O kó ààtàn wọlé? Bí òjò àkọ́rọ̀ bá bá nǹkan yìí nílẹ̀ níbí, ilé baba rẹ lo máa sùn."

"Yéè!" Làńrewájú kígbe. "Wọ́n máa lé e?"

"Wọ́n máa lé e. Ó sì fẹ́ràn ọkọ rẹ̀."

Àwẹ̀ró ń fi omijé ṣa àpáàdì. Adìẹ dé, ó tú ilẹ̀, ó tún tú ilẹ̀. Àpáàdì kan rì, ó dúró lóòró. Àwẹ̀ró tẹ̀ ẹ́. Kò fọ́. Ó fò lé e. Kò fọ́!

"Adìẹ, ta ló kọ́ ọ?"

"Ebi ni."

Àwẹ̀ró gbàgbé ẹkún. Ó po amọ̀, ó ri àpáàdì mọ́ ọn lóòró, ọ̀kan dà sọ́tùn-ún, ọ̀kan dà sósì, bí eegun ẹja. Ó fi ṣùkù àgbàdo là á láàárín. Ó tò ó láti ibi tí wọ́n ń sá ìkòkò títí dé abẹ́ òrùlé. Ó gbẹ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń wò ó. Òjò ló ń dúró dè.

Òjò ṣú lójijì. Gbogbo ìkòkò tútù tí wọ́n mọ fún ọjà ọdún wà níta. Bí òjò bá pa wọ́n, wọ́n á tún padà di amọ̀! Ará ilé gbé ìkòkò, eré ló kù. Ilẹ̀ ń yọ̀. Gbìì! Ẹnìkan ṣubú. Gbìì! Ẹlòmíràn. Ìyá ọkọ gbé èyí tó tóbi jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó bọ́ sórí àpáàdì Àwẹ̀ró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró gírí.

"Ẹ gba ibí!" ó pariwo. "Ẹ gba orí ààtàn!"

Bí wọ́n ṣe kó ìkòkò yòókù wọlé nìyẹn.

Nígbà tí òjò dá, Àwẹ̀ró di ẹrù rẹ̀. "Ìyá, òjò ti bá a nílẹ̀. Mo ń lọ."

"Lọ síbo? Ta ni yóò tẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀?" Ìyá ọkọ rẹ̀ ti gbé agbọ̀n.

"Ṣebí ẹ ní ohun tó bá ti dé ààtàn…"

"Ààtàn wo? Àká wa nìyẹn! Gbé agbọ̀n tìrẹ, jẹ́ ká tètè lọ kí Adìẹ tó tú u tán."

"Ẹ̀kọ́ àlọ́ mi kò jìnnà: kí a tó sọ pé nǹkan ti bàjẹ́, ká kọ́kọ́ yí i wò." Màmá Àgbà fi ìka ta ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Bí mo bá purọ́, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi má dún bí àpáàdì. Ó dún àbí kò dún?"

"Ó dún!"

"Ṣẹ̀gílọlá ọmọ mi, dìde. Lọ kó àwo tí o fọ́ jáde lábẹ́ ibùsùn, àti wẹ́wẹ́ rẹ̀. Gbé e wá síbi ìmọ́lẹ̀, ká yí i wò."